Wọ́n Ní Àdùfẹ́ Ò Rí Yìnyín Rí

Marvin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Marvin ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí Àdùfẹ́ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ọmọ Chicago pọ́ńbélé ni. Àdúgbò Auburn Gresham ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ṣì ń gbé títí dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Àdùfẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, kò tíì gbọn yìnyín ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ tán tí Marvin fi bú sẹ́rìn-ín.

"Miss A! Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ò rí yìnyín rí!"

"Èwo lo tún gbé dé yìí?" ni Àdùfẹ́ wí. Àwàdà ló pè é, nítorí àwọn méjèèjì a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. "Ta ló bá ọ ti mọ́tò ẹ lọ́dún tó kọjá nígbà tó há sínú yìnyín lẹ́yìn ilé yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ohun tó jẹ́ kó yà mí lẹ́nu nìyẹn." Marvin na fóònù rẹ̀ sí i.

Àdùfẹ́ nu awò ojú rẹ̀, ó wo fóònù náà. Ara rẹ̀ ló rí. Ó dúró lórí afárá kan, ó wọ kóòtù dúdú, ó we hijáàbù aláwọ̀ ewé, yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lé e lórí. Ó gbójú sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n fi ohùn dùùrù sí i, dùùrù náà ń dún bíi pé ẹnì kan fẹ́ kí gbogbo ayé bá a sunkún. Lókè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà ní èdè Òyìnbó pé: Ìyá mi, láti abúlé kékeré kan ní Áfíríkà, rí yìnyín fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀. Òǹkà tó wà nísàlẹ̀ ní èèyàn tó ti wò ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

Àdùfẹ́ mọ afárá náà. Ó mọ ọjọ́ náà. Ó sì mọ ẹni tó di fóònù mú lọ́jọ́ náà, nítorí òun ló bí i.

"Marvin," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "ọdún mélòó ni mo ti wà ní ìlú yìí?"

"Mo bá yín níbí ni."

"Ó dáa." Ó wọ lífìtì, ó gòkè lọ sí wọ́ọ̀dù.

Lókè, ńṣe ni Michelle tó jẹ́ ọ̀gá wọn la apá, ó dì mọ́ ọn. Ó ní òun sunkún nígbà tí òun wo fídíò náà, ọkọ òun náà sunkún. Kí ló dé tí Àdùfẹ́ ò fi sọ fún àwọn látọjọ́ yìí? Àdùfẹ́ wò ó. Obìnrin yìí kan náà ló máa ń pè é láago aago márùn-ún ìdájí bí yìnyín bá ti dí ojú títì, tí á ní, "Àdùfẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ á dé." Àdùfẹ́ a sì dé. Nígbà tí àwọn tí wọ́n bí sí ìlú náà bá fi ìwé ránṣẹ́ pé mọ́tò àwọn ò jáde, òun a dé.

Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́fà ti dá a dúró. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí nímú gbé ìka sókè, ó ní, "Ìwọ ni obìnrin oníyìnyín yẹn!" Èyí tó wá dùn ún wọra jù ni ti nọ́ọ̀sì kékeré kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tí Àdùfẹ́ fẹ́ lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ nínú mọ́tò, ọmọ náà fà á lápá, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀: "Ẹ máa rọra o. Ilẹ̀ máa ń yọ̀ tí yìnyín bá wà níbẹ̀."

Àdùfẹ́ fa apá rẹ̀ gbà, ó jáde lọ. Ó ní bí òun bá lanu, ohun tó máa jáde lẹ́nu òun, ibi iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, ìjì yìnyín ńlá kan jà ní Chicago. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni Àdùfẹ́ balẹ̀ sí O'Hare, pápákọ̀ òfúrufú ìlú náà, láti Èkó. Ọkọ rẹ̀, Daud, tó ti ṣíwájú dé, wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù kan tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé bàtà. Sálúbàtà aláwọ ló wà lẹ́sẹ̀ Àdùfẹ́. Ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí jìnnà, yìnyín sì mù ún dé itan. Lóòótọ́ ló sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ìyanu kankan nínú ẹkún yẹn. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Láti ìgbà náà, òtútù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti là kọjá. Ó mọ yìnyín tó gbẹ tí ìgbálẹ̀ lásán lè gbá, ó sì mọ èyí tó rin tó máa ń já ẹ̀yìn ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kó o. Ó mọ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Ní àdúgbò wọn ní Chatham, bí ó bá ti kó yìnyín kúrò níbi tó ń gbé mọ́tò sí níwájú ilé rẹ̀ tán, yóò gbé àga ìdáná méjì tó ti kán sí i, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ibẹ̀ ti ní ẹni tó làágùn sí i. Ọkùnrin kan gbé àga náà kúrò nígbà kan, ó gbé mọ́tò tirẹ̀ síbẹ̀. Àdùfẹ́ dúró níwájú mọ́tò yẹn pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ títí ọkùnrin náà fi jáde wá tọrọ gáfárà. Ẹni tí wọ́n wá ń sọ fún ayé pé kò rí yìnyín rí nìyẹn.

Bí ó sì ṣe jẹ́ tó fi dé orí afárá náà rèé. Mutmainnah, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tí wọ́n bí sí Chicago, tó ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ń bá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ láti inú ilé rẹ̀ ní West Ridge. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìjẹun rẹ̀, ó ní ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń jẹ́ Mina. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé yóò lọ sí àwọn ìlú Yúróòpù tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbójú fò, yóò lọ nígbà òtútù tí owó ọkọ̀ òfúrufú wálẹ̀, yóò sì fi ẹwà ibẹ̀ han àwọn tó ń tẹ̀lé e. Nígbà tí Àdùfẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, Mutmainnah ní òun fẹ́ mú un lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Ljubljana ni wọ́n ń pè é, olú ìlú orílẹ̀-èdè Slovenia.

Inú Àdùfẹ́ ò kọ́kọ́ dùn sí i rárá. "Ọgọ́ta ọdún! Kí n kúrò nínú òtútù tiwa níbí kí n tún lọ wọnú òtútù ẹlòmíràn? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí Dubai. Èyí tí kò lọ sí Dubai lọ sí Paris. Ìwọ wá ń mú mi lọ sí ibi tí ahọ́n mi ò lè pè."

"Mummy, ẹ kàn trust mi," ni Mutmainnah wí. "Gbogbo ènìyàn ló ń lọ sí Paris."

Ó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò, ìlú náà sì wọ̀ ọ́ lára. Wọn ò jẹ́ kí mọ́tò wọ àárín ìlú, èèyàn lè máa rìn ní àárín títì bí ẹni ń rìn nínú àgbàlá. Odò kan gba àárín ibẹ̀ kọjá, ó rọra ń ṣàn lábẹ́ àwọn afárá. Ọjọ́ tí wọ́n dé, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀ débi pé òpin títì ò hàn. Ọjọ́ kejì tí ó ká díẹ̀ ni Àdùfẹ́ tó rí i pé òkè kan wà lórí àwọn látàná, tí ilé olódi ńlá kan sì wà lórí òkè náà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìlú yìí ò kánjú láti fi ara rẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ èso kan tó rí bí obì, tí wọ́n ń yan lórí ẹyin iná lẹ́bàá títì. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n lọ kírun ní mọ́sálásí tuntun tó wà níbẹ̀, obìnrin Bosnia kan bu tíì fún un lẹ́yìn ìrun, ó sì ń ṣàlàyé fún un pé ó tó àádọ́ta ọdún tí àwọn fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn kọ́ ọ. Àdùfẹ́ di obìnrin náà lọ́wọ́ mú. Ó tọrọ nọ́ńbà rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń kí ara wọn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa padà ni yìnyín bọ́. Láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó kó ẹrù, Àdùfẹ́ jáde lọ sórí afárá tí wọ́n mọ dírágónì ńláńlá mẹ́rin sí igun rẹ̀. Mutmainnah tẹ̀ lé e lẹ́yìn, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Àdùfẹ́ rò pé odò ló ń yà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ Ajé yẹn, kò gba ọ̀nà Chatham. Ó pe Daud pé kó máa jẹun, òun ń lọ sí West Ridge.

"Nítorí fídíò yẹn ni?" ni Daud bi í. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà, àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ló fi hàn án lọ́sàn-án. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo rí i o. Bí o ṣe la ọwọ́ yẹn, àfi bí ẹni tó rí málékà."

"Bàbá Mutmainnah, ṣé ẹ̀rín ló pa yín?"

"Rárá o. Èmi ò..."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé mi ní O'Hare ni? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ mi?"

Daud fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ó ní kó máa wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ó dé, Mutmainnah ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó tẹ eékún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó gba àpò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Mummy! Ẹ ti rí i? Four million! Mo fẹ́ fi ṣe surprise fún yín ní Sunday ni."

Àdùfẹ́ ò jókòó. "Mutmainnah, abúlé wo ni wọ́n bí mi sí?"

"Ah. Mummy..."

"Mo ní abúlé wo?"

"Ìsẹ́yìn."

"Ìsẹ́yìn ni abúlé? Ìsẹ́yìn tí ó ní Asẹ́yìn, tí ó ní ilé-ìwé tí mo ti kàwé kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn? Ìlú ńlá ni, ìwọ ọmọ yìí! Ó dáa. Ta ló kó yìnyín iwájú ilé tí o fi ń jáde lọ síbi bọ́ọ̀sì láti kíndàgátìnì títí o fi parí háì sùkúù?"

"Ẹ̀yin ni, Mummy, ṣùgbọ́n it's just a caption. Kò sí ẹni tó máa ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn yín. Ẹ ka comments, ẹ wò ó."

Ó nawọ́ fóònù náà. Àdùfẹ́ gbà á, ó sì kà á lóòótọ́. Ó kà á sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run bùkún ọkàn rẹ̀ tí kò ní ẹ̀tàn. Ẹnì kan ní àwọn tó ní nǹkan ò mọyì ohun tí wọ́n ní, ẹ wo obìnrin òtòṣì yìí. Ẹnì kan béèrè bóyá omi ẹ̀rọ wà ní abúlé rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n má jẹ́ kó dúró pẹ́ jù níta, nítorí ara irú wọn ò gba òtútù.

"Obìnrin òtòṣì," ni Àdùfẹ́ tún sọ. "Ara irú wọn." "O ní wọ́n fẹ́ràn mi. Èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn o. Wọ́n fẹ́ràn obìnrin kan tí ìwọ fúnra rẹ dá, o wá fi ojú mi lẹ̀ ẹ́. Ibo ni orúkọ ìlú yẹn wà níbẹ̀?"

"Ìlú wo?"

"Ljubljana! Ìlú tí o ní ayé gbójú fò, tí o torí ẹ̀ fà mí kúrò nílé. Mo ti ka nǹkan yìí látòkè délẹ̀, n ò rí orúkọ ẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ń béèrè pé ṣé Paris ni."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Mutmainnah jókòó sórí àga. Ó ní fídíò mẹ́fà ni òun ti kọ́kọ́ gbé síta láti Ljubljana: odò, ọjà, ilé olódi, mọ́sálásí. Òun dárúkọ ìlú náà nínú gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n wò jù nínú wọn kò tó ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn. Odindi ọdún mẹ́ta ni òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Ní pápákọ̀ òfúrufú, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀, ni òun kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Òun ò rò ó.

"Mo mọ̀ pé o ò rò ó," ni ìyá rẹ̀ wí.

Mutmainnah gbé bébà kan láti orí tábìlì. Bóyá ó rò pé yóò tu ìyá òun lójú ni, ta ló mọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta kóòtù òtútù ló fi ránṣẹ́ lánàá. Wọ́n fẹ́ kí Àdùfẹ́ wọ kóòtù wọn, kó dúró nínú yìnyín, kó tún sọ fún ayé bí ó ṣe rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Wọ́n kàn nílò kó fọwọ́ síwèé ni.

Àdùfẹ́ ka ìwé náà tán. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin.

"Èyí tí o ṣe tẹ́lẹ̀, o fi ojú mi parọ́. Èyí tó kù báyìí ni kí èmi fúnra mi wá fi ẹnu mi parọ́."

"Mummy, n ò sọ pé..."

"Dákẹ́! Ó tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń wò mí nílùú yìí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Aláìsàn á bi mí pé ta ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ àná á máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú ìgò oògùn. Mo fara dà á, mo ní àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí, Mutmainnah. Ìwọ jẹ oúnjẹ mi. Ìwọ wá lọ kọ̀wé fún wọn pé bí wọ́n ṣe rò ó gẹ́lẹ́ ló rí."

Omi ti ń bọ́ lójú Mutmainnah. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ sunkún lóòótọ́. Èmi ò rí i kí ẹ sunkún rí, Mummy. Láti kékeré mi. Mo ń wò yín lẹ́yìn fóònù, mo ní ó ní láti jẹ́ pé yìnyín yẹn ló rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Kí wá ló mú yín sunkún?"

Àdùfẹ́ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń ra èso níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lórí yìnyín.

"Ṣé o rántí ìjì ọdún 2011?"

"Wọ́n ti ilé-ìwé wa. Mo wà ní grade five."

"Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mọ́tò gbogbo há sí títì Lake Shore Drive, iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Yìnyín ń ga sí i lára ilẹ̀kùn mọ́tò. Inú mọ́tò yẹn ni mo wà tí Ẹ̀gbọ́n Jìbírílù pè mí láti Ìsẹ́yìn pé Ìyá ti kú."

Mutmainnah gbójú sókè.

"N ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Òjò yìnyín ò jẹ́ kí n rí mọ́tò tó wà níwájú mi. Mo jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, epo ń lọ, mo ń pa iná mọ́tò, mo ń tàn án. N ò sunkún, nítorí mo ní bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n ò ní rí ojú tọ́jú ara mi. Kí àwọn panápaná tó wá fà mí jáde, kí n tó délé, wọ́n ti sin ín. Ọkọ̀ òfúrufú ò sì gbéra. Bàbá rẹ ní kí n sùn. Lọ́jọ́ kẹta, Michelle pè mí pé èèyàn ò tó ní wọ́ọ̀dù, mo sì lọ. Bó ṣe lọ nìyẹn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ìgbà tí yìnyín bá bọ́ ní Chicago, nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣe: kí n kó o, kí n wa mọ́tò nínú rẹ̀, kí n dé ibi iṣẹ́. Lórí afárá yẹn, kò sí ẹni tó ń dúró dè mí. Yìnyín ń bọ́, mo sì wà níbẹ̀ lásán. Ni Ìyá mi bá wá sí mi lọ́kàn. Àdúà ni mo la ọwọ́ sí, mo ń tọrọ àforíjìn fún un. Ìyẹn ni o fi dùùrù sí."

Mutmainnah mú fóònù rẹ̀. "Mo máa pa á rẹ́. Mo máa pa á rẹ́ báyìí, Mummy."

"Fi sílẹ̀."

"Mummy?"

"Àwọn mílíọ̀nù mẹ́rin ti rí i. Bí o bá pa á rẹ́, irọ́ tí wọ́n gbọ́ ṣì wà lórí wọn, ìwọ nìkan lo máa mọ́. Gbé fóònù yẹn sókè. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀."

Ó dúró bó ṣe wà, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ àti káàdì ibi iṣẹ́ lọ́rùn. Ó yọ káàdì náà sínú àpò. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó là gaara, kò rẹ́rìn-ín, kò sì ké.

"Orúkọ mi ni Àdùfẹ́. Mo jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Ìlú ńlá kan tí ń jẹ́ Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Mo ti ń gbé Chicago láti ọdún 1999, mo sì ti kó yìnyín níbí ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàánú mi lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí fídíò yẹn, irọ́ ni. Ìlú tí ẹ rí níbẹ̀ ní orúkọ: Ljubljana ni. Ó dára, ẹ lọ wò ó nígbà òtútù, kùrukùru máa ń bò ó, ẹ mú sùúrù. Ohun tó mú mi sunkún níbẹ̀, tèmi ni. Ẹ ò ní gbọ́ ọ."

Ó ní kí Mutmainnah gbé e síta bó ṣe rí, láìgé e, láìfi orin sí i, kó sì fi sórí ojú ìwé náà níbi tí gbogbo ènìyàn á ti kọ́kọ́ rí i. Mutmainnah ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀. Kó tó lọ, Àdùfẹ́ ju ìwé àwọn oníkóòtù sínú garawa ìdọ̀tí, ó gbé àpò rẹ̀.

Ẹ ó máa rò pé òtítọ́ náà wá tàn kálẹ̀ bí irọ́ ṣe tàn. Rárá o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹgbẹ̀rún kan dín díẹ̀ ló wo ti òtítọ́. Nínú wọn, àwọn kan bú Mutmainnah pé òpùrọ́ ni, wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn mìíràn bú Àdùfẹ́. Wọ́n ní kí ló ń bí i nínú tó bẹ́ẹ̀, ohun dídùn kan ṣoṣo tí àwọn rí lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti bà á jẹ́. Fídíò àkọ́kọ́ ní tirẹ̀, àwọn tí kò mọ Mutmainnah rárá ti jí i, wọ́n ń gbé e kiri. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ti yí Áfíríkà padà sí Kẹ́ńyà. Nígbà tí Àdùfẹ́ rí ìyẹn, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì oúnjẹ débi pé ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Daud.

"Àdùfẹ́, ọmọdé ni," ni Daud wí. "Má jẹ́ kó pa ẹ́ lára. Ayé ìsinsìnyí ni."

"Èmi náà wà nínú ayé ìsinsìnyí, Bàbá Mutmainnah. Kò sí ẹni tó rán mi wá láti ayé àtijọ́."

Ní ilé ìwòsàn, Michelle tọrọ gáfárà, ó sì jọ pé ojú tì í. Marvin ló ṣe é bí ẹni tó ń gbẹ̀san tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ọ̀nà, tó ní òun fẹ́ rí obìnrin oníyìnyín, Marvin á dá a dúró, á ní, "Obìnrin yẹn ti wà ní Chicago kí ẹ tó mọ orúkọ yín kọ." Àdùfẹ́ máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kọjá, inú rẹ̀ a sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kékeré yẹn ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mutmainnah ò wá sí Chatham ní Sunday méjì tó tẹ̀ lé e. Kò pè. Àdùfẹ́ náà ò pè é. Ó ń se ọbẹ̀ tó máa tó ẹni mẹ́ta, ó ń gbé ìdá kan sínú fíríìjì, kò sì dárúkọ ẹni tó ni í.

Ní Sunday kẹta, lẹ́yìn Ìrun Àìlà, ilẹ̀kùn dún. Daud ló lọ ṣí i. Mutmainnah wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fún bàbá rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà fún ìyá rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ yìí, ó kanlẹ̀ dáadáa, kò sì tètè dìde.

"Ẹ káàsán, Mummy."

"Káàsán. Dìde, ilẹ̀ tútù."

Kò dìde. "Àwọn tó fi mí sílẹ̀ lórí page yẹn pọ̀. Inú bí mi sí yín, n ò ní parọ́. Mo ní ẹ̀yin ẹ ba iṣẹ́ mi jẹ́." "Mo wá ń rò ó. Mo ti wà láyé ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n, n ò mọ iṣẹ́ tí Grandma ń ṣe. N ò mọ̀ ọ́n rárá. Mo mọ àwọn ìlú ní Yúróòpù tí n ò lè kà tán, n ò mọ ìyẹn."

Àdùfẹ́ wò ó pẹ́. Ọmọ yìí jọ Ìyá rẹ̀ níbi iwájú orí. Ó ti máa ń jọ ọ́ tipẹ́.

"Ṣé o wá ká a sí fóònù ni?"

"Fóònù mi wà nínú mọ́tò."

"Má rò pé inú mi ti rọ̀ o."

"Rárá, mà."

Àdùfẹ́ fa àga kan fún un, ó ní kí Daud bá àwọn gbé ọbẹ̀ tó wà nínú fíríìjì kaná. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní òwú ni Ìyá òun máa ń ran fún àwọn ahunṣọ. Ìka rẹ̀ le bí igi, a kì í sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń ran án, nítorí pé bí òwú bá já, ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ló fà á. Ó máa ń tẹjú mọ́ oníbàárà tó bá fẹ́ ré e jẹ, kò sì ní sọ nǹkan kan títí onítọ̀hún á fi sanwó rẹ̀ pé. Inú ṣì ń bí Àdùfẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì hàn nínú ohùn rẹ̀. Ó ń yára, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. Ṣùgbọ́n kò dúró. Daud gbé ọbẹ̀ dé, ó fìdí mọ́lẹ̀, òun náà ń gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, òun náà ò gbọ́ ọ rí.